Owú Tó Ń Dún ní Ìbà

Bí ènìyàn bá gbé owú àgbẹ̀dẹ àlòkù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko, pé kí n wò ó bóyá ó ṣì ṣeé lu irin lórí rẹ̀, n kì í fi ẹnu lásán dáhùn. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí, obìnrin sì ni mí. Àwọn oníbàárà tuntun máa ń wo ẹ̀yìn mi, wọ́n á ní ọ̀gá dà? Tí iṣẹ́ bá jáde, wọ́n á mọ ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí pé kí n wá wo owú bàbá wa nílé wa ní Ìbà, àyà mi já. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti kú. Láti ìgbà náà ni àgádágodo ti wà lẹ́nu yàrá iṣẹ́ wọn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Ajangbadi ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Síbẹ̀, Màmá ní owú náà ń dún. Ayálégbé wa náà ti gbọ́ ọ. Ó ní lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni, ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀ kedere.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lù ú," Màmá sọ fún mi lórí fóònù. "Kí ló dé tí bàbá yín kì í lu ìkẹta?"

Nígbà ayé bàbá wa, wọn kì í kúrò nídìí iṣẹ́ láìkí owú pé ó dàárọ̀. Wọ́n á fi hámà kékeré lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á dúró díẹ̀, kí wọ́n tó lu ìkẹta. Bí Màmá bá ti gbọ́ méjì àkọ́kọ́ ní ilé ìdáná, wọ́n á máa gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìkẹta ni pé Bàbá ń bọ̀ wá jẹun. Ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ni wọ́n ti gba àṣà yẹn, wọ́n sì máa ń sọ pé owú tí a kò bá kí kì í sùn.

Alàgbà ni ẹ̀gbọ́n mi nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀mí ló wà lára irin náà. Odindi ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń wá lárààárọ̀, tí wọ́n ń tan àbẹ́là, tí wọ́n ń da omi ìyàsímímọ́ sórí owú. Owú kò dákẹ́. Wọ́n wá pinnu pé Màmá á kó lọ sọ́dọ̀ àwọn, mọ́là, Hausa tó ń ra irin kòndẹ́ẹ̀mù, á sì gbé owú lọ, àfi tí mo bá wò ó tó ṣì wúlò.

Màmá kò fẹ́ kúrò. "Tí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbé oúnjẹ fún bàbá yín?" Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí yàrá náà, òórùn àbẹ́là pàdé wa. Owú kékeré náà wà lórí kùkùté rẹ̀, ó ti dípẹtà, ó pọ́n bí epo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀mí lẹ ń lé ni, àbí owú lẹ fẹ́ pa? Ta ló ń da omi sí irin?"

"Ṣọ́ ẹnu ẹ o," wọ́n ní.

Mo fi ìka tọ́ etí rẹ̀ yíká. Kò fọ́ níbì kankan. Mo ju irin róbótó inú bẹ́ríìn ọkọ̀ tí mo mú dání sí i lórí, ó ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọwọ́ mi lókè. Èyí fi hàn pé ojú rẹ̀ ṣì le. Ó ku ohùn, nítorí owú tó bá ti sán nínú máa ń dún bí ìkòkò tó sán. Mo nawọ́ sí ibi tí hámà kékeré Bàbá máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi búra pé àwọn kò fọwọ́ kàn án.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú owú náà. Láàárín gbogbo ìpẹtà yẹn, ibì kan wà tí kò ju ìdérí ìgò lọ, tó ń dán. Ìpẹtà kì í fo ibì kan lásán. Ibi tí hámà bá ń bà lójoojúmọ́ nìkan ni kì í dípẹtà.

"Ẹnì kan ń lù ú," mo wí. "Ẹni tó ní ọwọ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alásàrí tán ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí ni a gbọ́ ìró sílípáàsì lẹ́yìn wa.

Màmá ni. Kọ́kọ́rọ́ kejì yàrá náà, ti Bàbá, èyí tí a wá títí lẹ́yìn ìsìnkú tí a kò rí, so mọ́ etí ìró wọn. Hámà kékeré wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn là, ṣùgbọ́n wọn kò rí wa, bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Wọ́n gba àárín wa kọjá, wọ́n sì lu owú lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kò sán rárá.

Wọ́n dúró. Wọ́n ń retí nǹkan. Nígbà tó pẹ́, wọ́n na hámà sí mi.

"Bàbá wọn, ẹ lu ìkẹta. Oúnjẹ ti ń tutù."

Èmi, ọmọ tí wọ́n bí, ni wọ́n ń pè ní ọkọ wọn! Ẹ̀rù bà mí, àánú wọn sì ṣe mí. Mo gba hámà náà, igi rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo lu ìkẹta.

"Ẹ kú iṣẹ́," Màmá wí, wọ́n sì yí padà lọ.

Nígbà tí a máa fi tẹ̀ lé wọn dé ilé ìdáná, abọ́ kan ti wà lórí tábìlì, ó ní ìdérí. Màmá gbójú sókè, inú wọn dùn láti rí wa.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà wo lẹ dé? Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n lu ìkẹta lónìí!"

Mọ́là ti ń kígbe kòndẹ́ẹ̀mù lẹ́nu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

"Ṣé owú yẹn ṣì wúlò?"

"Ẹ ní kí mọ́là máa lọ," mo dáhùn. "Wọ́n ṣì ń lò ó."