Abà Tó Wà Nínú Fọ́tò

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló kọ́kọ́ sọ fún mi bí òkè ṣe ya lulẹ̀ lóko wa lọ́nà Ìdèrè. Òjò rọ̀ títí mọ́jú. Ó lọ pọnmi lódò, ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tó padà, kò rí ọkọ, kò rí abà. Amọ̀ àti òkúta nìkan ló wà ńbẹ̀. Kì í sunkún tó bá ń sọ ọ́.

Wọ́n wa ilẹ̀ títí, wọn ò rí òkú. Àwọn àgbà ilé wa bá dúró lórí amọ̀, oníkálukú ń nawọ́ síbi tó rò pé abà wà. Ẹnu wọn wá kò sójú kan, àwọn àfáà ṣe àdúà, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì mọ sàréè síbẹ̀. Bí Màmá bá ti ọjà Ìdèrè dé, á yà síbẹ̀, á gbá a, á ròyìn ọjà fún ọkọ rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ìjọba rán awọnlẹ̀ kan wá pé kó ya àwòrán ibi tí òkè ti ya. Mo bá a ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń di ìdí tépù mú. Ó ní àwọn fọ́tò tí ọkọ̀ òfuurufú yà kí òkè tó ya, àti èyí tó yà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ti ẹ̀yìn, ojú ibẹ̀ funfun gbọọrọ láti orí òkè dé odò. Nínú ti àkọ́kọ́, abà wa wà ńbẹ̀, kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Àpáta ńlá kan hàn nínú méjèèjì. Ibẹ̀ la ti wọn ilẹ̀ lọ síbi tí abà wà nínú fọ́tò.

A ò já sí ìdí sàréè. Àárín oko ẹ̀gẹ́ tí ará abúlé kejì dá lẹ́yìn tí òkè ya la já sí, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo dúró, mo di tépù mú.

Mo lọ pe Màmá. Awọnlẹ̀ to méjì nínú fọ́tò tí wọ́n yà kí òkè tó ya sábẹ́ awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni bá fojú sí i, òkè á dìde dúró níwájú rẹ̀. Màmá wò ó pẹ́.

"Ọkọ mi," ó ní. Èmi ọmọ ilé ọkọ ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Òrùlé yẹn ti ń jò nígbà yìí. Ojoojúmọ́ ni bàálé mi ń ní òun á tún un ṣe. Ọ̀lẹ ọkùnrin."

Awọnlẹ̀ bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí òun fi àmì sàréè sí nínú àwòrán.

"Ẹ fi síbi sìmẹ́ńtì. Ibẹ̀ ni mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ mi sí."

Ó ní a ò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀gẹ́ fún olóko. A ò sọ.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ gbó, olóko náà, tó jẹ́ ọ̀làwọ́ èèyàn, gbé agbọ̀n kan wá fún wa láti inú oko yẹn. Màmá dúpẹ́. Ó bó o, ó rẹ ẹ́, ó sá a, ó fi ro láfún, ó bu tèmi síwájú mi, ó jókòó ti tirẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ṣé wàá jẹ ẹ́?