Ta Ni Yóò Dáná Lọ́la?

Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi ṣìnà rí láyé mi, nítorí pé mo lè bi òkúta ní ìbéèrè. Nígbà tí ọmọbìnrin mi ń kọ́ orin Jámánì kan ní pálọ̀ wa ní Toronto, èmi ni mi ò jẹ́ kó gbádùn. Ṣé ohùn orin ló kọ́kọ́ wà ni, àbí ọ̀rọ̀?

"Mummy, the poem came first," ló dá mi lóhùn.

Ó ní obìnrin kan ló kọ ewì náà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí kà á, ó sì fi ohùn àti dùùrù sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àjèjì lè wọ èèyàn lára tó bẹ́ẹ̀.

Orin yẹn gan-an ló ń dí ọmọ mi lọ́wọ́. Ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ orin kan tó jìnnà sí wa. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ tó gbọ́ ọ ní ohùn rẹ̀ dára, àmọ́ ó dà bíi pé kò mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ní kó túmọ̀ ewì náà fún mi. Ọmọbìnrin kan ń fi ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, ó sì ń béèrè ẹni tí yóò dáná lọ́la.

"Ẹkún ìyàwó nìyẹn!" Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa fi ọwọ́ gbá ògiri. "Àwọn òyìnbó náà ń sun ún?"

"What's that?"

Mo sọ fún un bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe sun tirẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré, tó ń fi ewì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí wa, tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n nà án ni. Èmi ò sun tèmi. Kóòtù la ti ṣègbéyàwó níbí, orí fóònù ni ìyá mi wà. Ó ṣì ń dùn mí.

"So do it now."

Ìwọ̀nba ni mo rántí. Mo fi tèmi kún un: "Ìyá mi, mo ti ń lọ. Omi tí mo pọn ṣì wà nínú àmù. Ẹ máa rọra bù ú mu, kó má tètè tán." Ọmọ mi dìde, ó kọ orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò bi í ní nǹkan kan.

Wọ́n gbà á lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo yọ̀, mo jó. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rò ó pé àwa méjì péré la wà nílé, àti pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ilé sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà condo wa, àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn.

"Mummy, ta ló máa bá yín dáná lọ́la?"

Sítóòfù oníná mànàmáná la ní, a kì í dáná igi. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí àwa méjèèjì lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ti gba ẹnu mi.