Màrìwò Tí Mo So Sẹ́nu Igbó Wa

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí ni àwọn agbégilódò gbójú lé igbó ẹbí wa, lọ́nà Òde-Ayé. Wọ́n ní ìjọba ti fún àwọn láṣẹ. Nínú igbó yìí ni ìyá mi ti ń ṣa ìgbín, ibẹ̀ ló ti ń já ewé tó ń tà, ibẹ̀ náà sì ni odò tí gbogbo wa ń mu ti ń ṣàn wá. Bí igi ibẹ̀ bá lọ, odò náà lọ nìyẹn.

Ẹbí pèpàdé. Télọ̀ ni mí, n kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ga. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo dìde, mo ní èmi fúnra mi ni n óò so màrìwò dí ojú ọ̀nà, kí n rí ọkùnrin tí yóò kọjá. Nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ti so màrìwò dí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni tó so ó bá tú u. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú. Mo so ó tán, mo bá tún jókòó sínú igbó pé mò ń ṣọ́ ọ. Akọni!

Àlejò ni àwọn agbégilódò, wọn kò mọ màrìwò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ayùn wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ kí mi pé, "Ẹ kú ìjókòó o."

Mo sáré dì mọ́ igi òpèpè tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, mo figbe ta. Gbogbo ẹbí sáré dé tàdá-tàdá. Nígbà tí wọ́n dé ìdí màrìwò, wọ́n dúró.

Mo ké sí wọn, "Ẹ wọlé!"

Wọ́n ké padà sí mi, "Ta ló so ó? Wá tú u!"

Bí mo bá kúrò nídìí igi, àwọn agbégilódò á gé e. Bí n kò bá kúrò, ará ilé mi kò ní wọlé. Mo sáré lọ. Ọwọ́ télọ̀ ni mo fi so kókó náà, kò tú. Eyín ni mo ń fi já a lọ́wọ́ nígbà tí òpèpè wó lẹ́yìn mi.

Nígbà tí kókó já, àdá ẹbí lé wọn lọ, wọn kò gé igi kejì. Ṣùgbọ́n oòrùn ti wọlé síbi tí n kò ti rí oòrùn rí. Ó dùn mí dé eegun. Kò sẹ́ni tó bú mi, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù.

Ìyá mi ṣa màrìwò nílẹ̀, ó nà án sí mi. "Ọma mi, tún un so."

Mo tún un so níṣojú gbogbo ẹbí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí kò mọ̀ láàárín wa pé àwa nìkan ni màrìwò náà yóò dá dúró.