Ọwọ́ Tí Ìyá Mo-ń-bọ̀ Nà Sókè

Ìyá Mo-ń-bọ̀, dókítà ojú, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ti nawọ́ sókè. Lọ́jọ́rú ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba dìbò nínú yàrá ìjẹun wọn pé àwọn yóò daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, nítorí owó oṣù tí kò tó ó jẹ. Ọwọ́ tirẹ̀ ló gòkè gbẹ̀yìn.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́, "mo ń bọ̀" ló máa ń wí, á sì tún lọ fọwọ́ fún iṣẹ́ abẹ mìíràn. Ọkọ rẹ̀ kì í bínú mọ́. Ó kàn máa ń fi àwo dé oúnjẹ rẹ̀ ni.

Bàbá télọ̀ kan ló mú un lọ́ra láti nawọ́. Ojú òsì bàbá ti fọ́ tipẹ́, àwọ̀ funfun sì ti bo ọ̀tún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni dókítà fún un fún iṣẹ́ abẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò gan-an ló wá ṣàyẹ̀wò.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀."

"A ò tí ì mọ̀, bàbá. Ẹ gbé àgbọ̀n yín síbí."

"Ṣé owó tí wọ́n ń fún yín tó?"

"Kò tó. Ẹ má ṣẹ́jú."

"Wọ́n á ní iṣẹ́ àánú ni. Mo mọ irú wọn. Ẹni tó bá ní kí n fi àánú rán aṣọ fóun, òun náà ló máa ń rojọ́ pé ó fún òun lábíyá. Ẹ nawọ́ yín, dókítà."

"Ojú yín ńkọ́?"

"Kì í ṣe ojú mi ló ń san owó oṣù yín."

Lẹ́yìn ìbò, dókítà lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà pé kó fi bàbá kún àwọn tí òun yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ Ẹtì.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ pé iṣẹ́ ju owó lọ, ẹ tún ń bù sí i," nọ́ọ̀sì wí. "Àwọn mẹ́ta yòókù tí ẹ fún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?"

"Àwọn ṣì ní ojú kan tó ń ríran. N ó pè wọ́n."

Ó jókòó sórí àga onírin lẹ́nu ọ̀nà, ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti yẹ̀. Ẹnì kan bú u. Ẹnì kan ní kó lọ sinmi. Ẹni kẹta pa fóònù mọ́ ọn létí. Dókítà gbà pé èébú náà tọ́ sí òun. Owó oṣù tó péye náà sì tọ́ sí òun.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè.

"Mo ń bọ̀," ó wí, kò sì tí ì dìde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn gbogbo àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú bàbá télọ̀ ló kàn. Dókítà tún lọ fọwọ́.