Daddy tó ń fi ẹsẹ̀ wá omi

Bí mo bá rí ẹni tó bọ́ bàtà lórí ilẹ̀ tútù, inú máa ń bí mi. Daddy kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fà á. Allotment rẹ̀, oko kékeré tí council ń háyà fún èèyàn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Thamesmead, ní London. Ó ti dáko rí létí odò kan lápá Sókótó, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ bí aṣálẹ̀, tí kálukú sì ní àsìkò tó ń fa omi sóko. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń mọ ibi tí omi dé.

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tap kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Àárọ̀ Saturday ni turn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti night shift dé, oorun á gbé mi lọ. Daddy á fi ọkọ́ la ojú omi tèmi sí ìdí ilá rẹ̀, títí tẹ̀tẹ̀ mi fi kú tán. Nígbà tí mo bi í, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ọmọ mi, omi kì í dúró de ẹni tó ń sùn."

Lóṣù tó tẹ̀lé e, orúnkún gbé e dé hospital. Ó pè mí lọ́sàn-án gangan.

"Jọ̀ọ́, bá mi bomi rin ilá yẹn, ó ti ń so."

Inú oko rẹ̀ gan-an ni mo wà. Mo bọ́ bàtà, mo tẹ ilẹ̀ náà. Ó gbẹ táútáú. Mo yán sínú fóònù.

"Ẹ má bínú, Daddy. Mo ń sùn ni."