Ihò Orí Òrùlé Bàbá Fájọbí

Gbogbo ìlú Ìpáò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí òjò pa àwọn àna Bàbá Fájọbí nínú ilé, lábẹ́ òrùlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara wọn bò tán. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ pàápàá ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni tí aṣọ tirẹ̀ tutù.

Bàbá ló bẹ àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n wá fi koríko bẹẹrẹ tuntun bo ilé òun. Ta ni í kọ ọ̀wẹ̀ àna? Tíṣà Olúkáyọ̀dé, ọkọ Túnráyọ̀ àkọ́bí, kó àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà wá. Ọládipọ̀ káfíńtà, ọkọ Rónkẹ́, kó àwọn Àgùdà wá. Ràímì olóbì, ọkọ Àtinúkẹ́ àbíkẹ́yìn, kó àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe fojú kan ara wọn lójúde ni ojú gbogbo wọn korò. Tíṣà mú iwájú ilé, Ọládipọ̀ mú ẹ̀yìn, Ràímì mú ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá wo àwọn tó mọ Ọlọ́run! Kò sí ẹni tó jẹ́ kí bẹẹrẹ tirẹ̀ kan ti ẹnìkejì. Ní góńgó orí ilé, níbi tó yẹ kí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, wọ́n fi ihò sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá wòkè. Ó ní kí wọ́n wọlé wá jẹun, ó sì tẹ́ ẹní fún wọn sábẹ́ ihò náà gan-an. Òjò ọ̀sán dé, ó gba ibẹ̀ wọlé. Tíṣà fò dìde.

"Bàbá, omi ń dà sí wa lórí!"

"Ẹ jókòó, jàre," ni Bàbá wí, ó ń gbé òkèlè mì ní igun tí kò tutù. "Mo fẹ́ wo ìjọ tí òjò ò níí pa."

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ihò náà. Ọládipọ̀ dá wá pẹ̀lú àkàbà, Bàbá lé e. Tíṣà rán àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó lé wọn. "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ dá a sí ulé mi," ni ó máa ń wí, "ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ ó jọ dí i." Ó gbé ìkòkò ńlá kan sábẹ́ rẹ̀. Òjò ń dà sínú ìkòkò, Bàbá sì ń mú àlejò wọlé wá wò ó, ó ń pè é ní uṣẹ́ ọwọ́ àwọn onígbàgbọ́.

Túnráyọ̀ kò lè fi ihò náà rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn ará ìlú. Ó mọ ohun tó ń dun bàbá rẹ̀. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan láti kékeré kò jọ jẹun mọ́. Tíṣà ti fòfin de ọbẹ̀ Rónkẹ́, ó ní abọ̀rìṣà ni àwọn Àgùdà. Ọládipọ̀ ní àwọn Áńgílíkà ló sá kúrò nínú ìjọ Àgùdà, ilé bàbá wọn. Ràímì ní àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ mọ àlùwàlá ṣe. Nígbà tí Àtinúkẹ́ bímọ, ẹ̀yìn ọgbà ni Túnráyọ̀ dúró sí tó fi gbọ́ orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Ojú tì í, àmọ́ ó ń bẹ̀rù ọkọ rẹ̀.

"Kí n tó kú," ni Bàbá wí fún un, "mo fẹ́ rí i kí ẹ̀yin mẹ́ta jọ sebẹ̀ nínú ìkòkò kan. Mi ò bẹ Ọlọ́run ní nǹkan míì."

Àwọn àna mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń fa Bàbá sí ẹ̀sìn tiwọn. Bẹ́ẹ̀ Bàbá kì í ra nǹkan láìnájà. Ó ti ná ọkọ́ kan rí títí alágbẹ̀dẹ fi fi owú sílẹ̀ tó lọ sùn. Tíṣà ròyìn ọ̀run fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, títí ó fi làágùn.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Kí lẹ ó fi lé e?"

"Kí n fi lé e kẹ̀? Ìyè àìnípẹ̀kun ni o!"

"Ọládipọ̀ ní òun náà ní in. Ràímì ní ti òun ń jẹ́ Àlùjánnà. Ulé kan ṣoṣo lẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tà, ẹ sì ń bú ara yín lójú oníbàárà. Ẹ lọ fẹnu kò ná, kí ẹ padà wá."

Tíṣà fìbínú gbé Bíbélì rẹ̀, ó gbàgbé fìlà.

Ọdún tí iyọ̀ wọ́n nítorí ogun Hítílà ni Bàbá wá dójú tì wọ́n pátápátá. Ó dùbúlẹ̀, ó ní ara òun ò yá, ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n se ọbẹ̀ wá, ẹja ni kí wọ́n fi sè é, kì í ṣe ẹran. Bí ọbẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dé, ó dà wọ́n pọ̀, ó gbé e kaná, ó bù ú sí àwo mẹ́ta, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀. Ta ni í kọ oúnjẹ bàbá ìyàwó? Nígbà tí wọ́n wá kí i lọ́jọ́ kejì, Tíṣà ló kọ́kọ́ yin ọbẹ̀, Ọládipọ̀ ní òun lá àwo.

"Ti Túnráyọ̀ ni, ti Rónkẹ́ ni, ti Àtinúkẹ́ ni," ni Bàbá wí. "Mo pò ó pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá ti ìjọ kejì padà, kó bì í, kó ṣà á."

Ràímì nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Bàbá, nítorí tèmi lẹ ṣe ní kí wọ́n fi ẹja sè é."

"Àna mi ni ọ́," ni Bàbá dáhùn. "Mi ò lè fún ọ ní ohun tí ẹ̀sìn rẹ kọ̀."

Síbẹ̀ wọn ò dí ihò. Agídí ẹlẹ́sìn kì í tán nínú ọbẹ̀ kan.

Bàbá kú ní àárín ìgbà òjò. Àwọn ìjọ tó ti ń jà lé e lórí, kò sí èyí tó yọjú. Wọ́n ní kèfèrí ni, kò ra ọjà ẹnikẹ́ni. Àwọn àna mẹ́ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú gẹ́gẹ́ bí àṣà, tipátipá ni wọ́n sì fi jọ ń gbẹ́ ẹ, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pín kòtò kan sí mẹ́ta.

Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ tán tí òjò fi ṣú. Túnráyọ̀ wo bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó wo ihò lókè, ó sáré jáde. Kò gbé ohùn sókè sí ọkọ rẹ̀ rí.

"Tíṣà! Ṣé ẹ ó jẹ́ kí òjò pa bàbá mi nínú ulé rẹ̀?"

Tíṣà bọ́ bàtà. Ọládipọ̀ gbé àkàbà. Ràímì ń ju ìdì bẹẹrẹ sókè, Tíṣà ń gbà á, Ọládipọ̀ ń dì í mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó wàásù. Nígbà tí òjò dé, ó rọ̀ sórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan ò kán sínú ilé.

Ìkòkò Bàbá ṣì wà níbi tó gbé e sí, omi òjò tuntun kankan ò sí nínú rẹ̀. Túnráyọ̀ gbé e, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e kaná, wọ́n sì jọ se ọbẹ̀ ẹja sínú rẹ̀. Àtinúkẹ́ tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ò tó," ó wí.

Rónkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Túnráyọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, nítorí ẹni tó fẹ́ ọbẹ̀ yìí jù lọ kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ó bu àwo àkọ́kọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bàbá rẹ̀. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀. Ó rí i, ó sì wọlé wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.