Ọ̀nì Tó Wá Sípàdé ní Amadi-Ama

Ọmọbìnrin kan wà nílé tí mò ń gbé ní Port Harcourt, ọmọ alájọgbélé mi. Ibí ni wọ́n bí i sí, Píjìn ló sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ìtàn ló ń kọ́ ní yunifásítì. Wọ́n ní kó kọ ìwé ìwádìí kó tó jáde, ó sì mú bí àwa Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wa ní Amadi-Ama. Ó ní olùkọ́ òun ń fẹ́ orísun méjì: àkọ́kọ́ ni ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀, tàbí ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà gan-an, ìkejì ni ohun tí ẹlòmíràn gbọ́, tó wá tún un sọ.

Mo ní, "Orísun àkọ́kọ́ rèé tó jókòó síwájú ẹ. Gbé bírò."

Kíláàsì karùn-ún ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi ẹnu dù mí. Mo ní ìdí igi máńgòrò kan létí omi la ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, èmi ni mo sì gbàdúrà. Bí mo ṣe ní "Àmín" báyìí, ọ̀nì kan gòkè odò wá, ó lúgọ síbi kan, ó gbọ́ ìpàdé dé òpin. A bu ìtanràn kíréètì mínírà kan lé e, torí pé ó pẹ́ dé.

"Bàbá, ọ̀nì? True-true?"

"Ṣé mo jọ onírọ́ ni?"

Ọmọ náà gbọ́n, kò fẹ́ gbára lé ẹnu ẹnì kan. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Trans-Amadi, ó tún lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, kọ́sítọ́ọ̀mù kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Abuloma. Télọ̀ ní òótọ́ ni, ọ̀nì wá. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní méjì ni wọ́n, tọkọtaya. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta! Ó fayọ̀ kó o fún olùkọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ kàn bi í pé, "Ta ló sọ fún wọn?"

Ó padà lọ bi wọ́n. Télọ̀ họrí. "Akọ̀wé wa ló sọ ọ́ nípàdé." Kọ́sítọ́ọ̀mù ní, "Akọ̀wé yẹn ló sọ fún èmi náà. Èmi ṣáà wá ìyàwó fún ọ̀nì ọ̀hún ni."

Ta ni akọ̀wé? Èmi.

Ó bá mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá, na only you be all of them! Tí n kò bá rí ìwé gidi mú wá títí Fúráídè, mo máa tún ọdún yìí kà ni o."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ìwé gidi wà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà: ìwé míníìtì láti ọjọ́ kìíní, tí akọ̀wé àná gbé lé mi lọ́wọ́ nígbà tó ń darí sílé. Ẹni tó bá bèèrè ẹ̀, mo máa ń ní ikán ti jẹ ẹ́. Ikán kò jẹ nǹkan kan. Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ nípa mi ni.

Mo mu omi. Mo tún mu omi. Mo wojú ọmọ náà, mo bá wọlé, mo gbé e jáde.

Ojú ewé àkọ́kọ́: kò sí máńgòrò, kò sí odò. Pálọ̀ ìyàwó ọlọ́pàá kan ni, èèyàn mẹ́sàn-án, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó ń ṣí i lọ, orúkọ mi kò yọ. Ó di 1999 kó tó rí i, ló bá ka ohun tí wọ́n kọ nípa mi sókè létí gbogbo ilé: "A gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Ó pẹ́ dé. Ó sùn nígbà tí alága ń sọ̀rọ̀. Kíréètì mínírà kan."

"Bàbá! Ẹ ẹ̀ tíì dé Port Harcourt rárá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀!"

"Ọ̀nà ló jìn," ni mo fèsì.

Olùkọ́ gba ìwé míníìtì náà, ọmọ wa sì yege. Ó mú ẹ̀dà kan wá fún mi. Orí kan gbáko ló fi sọ bí àhesọ àgbàlagbà kan ṣe ń di ìtàn lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò pè mí ní onírọ́ o, àpẹẹrẹ lòun pè mí.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, télọ̀ fi mí ṣẹ̀sín. "Akọ̀wé, wọ́n ní wọ́n ti tú àṣírí ẹ síwèé!"

Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀. "Orí kan gbáko nìyí, tèmi nìkan. Ìwọ ńkọ́, ìlà mélòó ni wọ́n fún ẹ?"